Ẹsẹ̀ Ère Hope

Hope ọmọ mi, tó ń gbé ní Ítálì, rí ère òkúta kan nílé ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀. Ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ère Búdà, ẹni mímọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ni, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ ọba. Àwọn Gíríìkì ti tẹ̀dó sí ìhà Íńdíà láyé àtijọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn hàn lára ère náà.

Kọ́lápọ̀ nìkan ni mo fi fọ́tò náà hàn. Ọgbà kan là ń gbé ní Baruwa, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà là ń lọ.

“Wo aṣọ èjìká rẹ̀,” mo ní. “Bí àwọn Gíríìkì ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ará Íńdíà ló wọ̀ ọ́ yìí.”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

Fọ́tò náà gé ní orúnkún.

“Ẹni mímọ́ ni. Ẹsẹ̀ lásán ni yóò wà, bíi tiwa nínú sùtánà.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, o ò ní pa mí! Gbé e pamọ́ jàre, kí Wòlíì má rí i.”

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ní Bíbélì. Láti ìgbà tí ìyá Hope ti kú, iṣẹ́ yẹn ló ń gbé mi dìde lórí ibùsùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Kọ́lápọ̀ bọ́ síwájú pẹpẹ, ó ń gbọ̀n.

“Mo rí ìran! Tíṣà àwọn ọmọ wa ń tọ́jú òrìṣà òkúta! Aṣọ àjèjì ló wọ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán!”

Ìjọ pariwo. Wòlíì Simeon ní kí n bọ́ sùtánà mi sílẹ̀. Ó fa kíláàsì náà lé Kọ́lápọ̀ lọ́wọ́.

Mo ní kí Hope wá fọ́tò tó dé ìsàlẹ̀. Ó fi ránṣẹ́. Ère náà wọ sálúbàtà olókùn.

Kọ́lápọ̀ ń fọ sùtánà rẹ̀ nídìí kànga. Mo gbé fóònù síwájú rẹ̀. Ó wò ó. Ó tún wò ó.

“Ọ̀rọ̀ ẹnu mi lo rí níwájú pẹpẹ,” mo ní.

“Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kíláàsì yẹn, Tíṣà.”

“O ò béèrè.”

Ó ń fún aṣọ. “Ṣé o máa fi han Wòlíì ni?”

“Rárá.”

Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Kọ́lápọ̀ ló ṣáájú. Ilẹ̀ ló ń wò.

Mo wọ bàtà mi. Mo gba ọ̀nà kejì.