Yàrá Tí Kò Lámì

Ẹni tó bá ń wá ìjà ni kó kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i, kó wá gbé e fún Bàbá Alámì. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe nílé ìtẹ̀wé títí ó fi fẹ̀yìn tì nìyẹn, kó máa fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ̀wé wúruwùru. Ó fẹ̀yìn tì tán, iṣẹ́ kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá kọ IYO sára agolo iyọ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán Bàbá á ti fi bírò tún un ṣe, àfi bíi pé ọbẹ̀ kò ní dùn láìsí àmì.

Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó lọ sílé ìdáná ló ti ń ránṣọ láti ìgbà tí àkọ́bí wọn ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ bu omi á ní kó gbẹ́sẹ̀, ẹni tó ń gbé ìkòkò bọ̀ á ní kó fà sẹ́yìn. Ojú rẹ̀ wá ń ṣe bàìbàì nínú òkùnkùn ibẹ̀. Láìpẹ́ yìí ló rán apá ẹ̀wù oníbàárà kan sódì, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀, ó sì dùn ún wọnú eegun. Nígbà tí wọ́n wá ní àwọn fẹ́ kọ́lé tiwọn, ohun kan ṣoṣo ló tọrọ: yàrá tó nímọ́lẹ̀, tí òun á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun sí.

Bàbá ní òun gbọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ “mo gbọ́” àwọn ọkọ. Ó gba ilé àkójọ ohun àtijọ́ lọ, ó ní àwọn ilé ayé ìsinsìnyí kò ní láárí, pé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá la ti ń kọ́ ilé kíkọ́. Ó tú àwòrán àwọn ilé àtijọ́ wò títí ó fi rí ti oníṣòwò kan tó ti kú tipẹ́. Ògiri rẹ̀ nípọn, òrùlé rẹ̀ ga, àgbàlá wà láàárín, yàrá ńlá kan sì wà níwájú tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà oòrùn. Wọ́n bá a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó ká a mọ́ abíyá, ó di ọ́fíìsì ayàwòrán ilé. Ibẹ̀ ló ti là á mọ́lẹ̀ lójú ìyàwó rẹ̀ pé bí wọ́n ṣe yà á gan-an ni kí wọ́n ṣe kọ́ ọ, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un, ì báà ṣe àmì kan péré. Ayàwòrán ilé rọra bi í pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́, nítorí inú igbó ni oníṣòwò yẹn ń lọ. Bàbá ní ó dáa, ìyẹn nìkan ni kí wọ́n fi kún un, nítorí orúnkún òun.

Ní ti yàrá iwájú, òun ló ti pín in fún ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ní òun á ti máa gba àlejò, ó sì ti lọ ra àga onítìmùtìmù sílẹ̀. Ìyàwó bi í pé tòun ńkọ́, ó ní àwọn á wá àyè kan fún un níbì kan. Ìyàwó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ obìnrin náà á ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fẹnu ọ̀rọ̀ àwòrán náà jóná dé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì ní ọ́fíìsì náà, ayàwòrán ilé ní àwọn tó máa gbẹ́ ìpìlẹ̀ ti ń dúró, ẹni tó bá lọ́rọ̀ kó sọ ọ́ báyìí. Ìyàwó gbé awò ojú sójú. Ó rí i pé àwọn ará ìgbàanì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ yàrá kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, kò sí àmì lókè, kò sí lábẹ́. Lẹ́yìnkùlé, nítòsí kànga, yàrá kótópó kan wà tí kò ní fèrèsé. YARA OKO ni wọ́n kọ sí i. Ọmọ àgbẹ̀ ni ìyàwó, ó mọ ohun tí wọ́n ń kó síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó pọ́n ètè lá.

“Bàbá, mo ti rí yàrá yín. Yàrá ọkọ rèé.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ọkọ́ ni. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko.”

“Àmì rẹ̀ dà?”

Bàbá ti fa bírò yọ. Ìyàwó fi ohùn jẹ́jẹ́ rán an létí ohun tó sọ nínú ọ́fíìsì yìí kan náà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àmì kan kún un. Ayàwòrán ilé ní àní, etí òun méjèèjì ló gbọ́ ọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ọkùnrin tó ti tún ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ṣe kò rí ọ̀rọ̀ ẹyọ kan tún ṣe mọ́. Ìyàwó tiẹ̀ ti ń fi ìka wọn yàrá náà, ó ní á gba bẹ́ẹ̀dì, tí Bàbá bá lè máa ká ẹsẹ̀ jọ sùn.

Ó wá gbé ìka lọ sí yàrá iwájú. YARA IYA ló wà níbẹ̀. Ó bèèrè pé ta ni àwọn ọmọ ń pè ní ìyá nínú ilé wọn.

Bàbá rántí àga onítìmùtìmù rẹ̀. “Ta ló sọ pé ìyá ni? Kò kúkú lámì. Ó lè jẹ́ yàrá ìyà.” Ó fẹ̀yìn ti àga, ó rò pé òun ti borí.

Ìyàwó kò ṣeré mọ́. “Ta wá ni ìyà jẹ jù nínú ilé wa? Láti ìgbà tí àkọ́bí ti wà lẹ́yìn mi ni mo ti ń ránṣọ lójú ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè o, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ o, èmi náà ni mo ni yàrá yẹn.”

Ayàwòrán ilé bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ní òun ń wá ìrésà tí wọ́n fi ń pàwé rẹ́, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Bàbá gbójú sókè. Ó wo awò ojú ìyàwó rẹ̀, ó rí i pé òwú ìránṣọ ni obìnrin náà fi so apá awò náà kan tó ti kán. Àánú ṣe é, ojú sì tì í. Ó tẹ orí bírò, ó fi àmì ìsàlẹ̀ sórí I, ó fi àmì òkè sórí A, ó rọra ṣe é bó ṣe máa ń ṣe nílé ìtẹ̀wé.

“Ìyá ni,” ó ní. “Tìẹ ni.”

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ló sáré gbé bírò lọ sórí OKO. Ìyàwó ti fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibẹ̀. Ó gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í bọ inú gèlè rẹ̀.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, Bàbá. A ó máa wo ìwà yín títí wọ́n á fi kọ́lé tán.”