Ẹ́ńjìnnì Apá Ọ̀tún

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Àbíkẹ́yìn máa dán ọ̀gá rẹ̀ wò, ìyàwó ọ̀gá náà ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ní pápákọ̀ òfurufú. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, kò sì bọ́ síwẹ́tà ọrùn rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ti ń mú. Àbíkẹ́yìn kúnlẹ̀ kí i. Orúnkún rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀ tán tí ìyá náà fi dì í lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Tó o bá dá bàbá yẹn padà sílé lónìí, o ti sin ín nìyẹn. Kò mọ nǹkan kan tí wọ́n ń ṣe nílé. Lọ́jọ́ tí kò bá níṣẹ́, àjà ló máa ń wò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo bẹ̀ ẹ́, fojú àánú wò ó."

"Mo ti gbọ́, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣèlérí, kó tó mọ̀ pé ìlérí ni òun ń ṣe.

Kì í ṣe pé òun ni àbíkẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn òbí tirẹ̀ o. Ọ̀gá ló sọ ọ́ lórúkọ náà, torí òun ni ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ kẹ́yìn kó tó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, tó padà sídìí kíkó èrò. Nígbà tí ọmọbìnrin yìí wá sọ pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, àwọn olùkọ́ yòókù fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀kan ní kó kúkú lọ máa pín bisikíìtì fún èrò, ìyẹn ò gba agbára. Ọ̀gá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jókòó sórí àga awakọ̀, ó bi í bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pẹ́dà. Ó kàn án. "Ó parí," ni Ọ̀gá wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ayé wá yí. Ọmọ tó kọ́ ló di ẹni tí ilé iṣẹ́ yàn láti máa dán àwọn awakọ̀ wò, kó máa sọ ẹni tó yẹ kó kó èrò àti ẹni tí kò yẹ mọ́. Ọ̀gá ti dàgbà. Dókítà ní ojú rẹ̀ ṣì ríran, àyà rẹ̀ ṣì le; ohun tó kù kò ju ìdánwò yìí lọ. Bó bá yege, yóò kó èrò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá yege, ó di ilé, ó di wíwo àjà.

Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì ni wọ́n ń wà. Ẹni tí kò mọṣẹ́ á rò pé bí ọ̀kan bá kú, ìkejì ṣáà wà níbẹ̀, kí ló tún kù? Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà láàyè á máa tì, òkú á máa fà sẹ́yìn, imú bàálù á sì yà sí apá ibi tí òkú wà. Awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ apá kejì tẹ pẹ́dà kó lè máa lọ tààrà. Ẹsẹ̀ tí kò bá wá ríṣẹ́ ṣe, apá ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó kú wà. Ẹ̀yìn ìgbà náà lọwọ́ tó lè lọ sídìí irin tí wọ́n fi ń darí agbára ẹ́ńjìnnì. "Ẹsẹ̀ kọ́kọ́!" ni Ọ̀gá máa ń jágbe mọ́ wọn, títí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi sọ ọ́ di Ẹsẹ̀-Kọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbọ́ ọ, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n ó ní bárakú kan. Bó bá fẹ́ fa irin ẹ́ńjìnnì kan sẹ́yìn láti fi dán ọmọ iṣẹ́ wò, ti òsì ló máa ń fà. Ó ní nínú irú bàálù yìí, tòsì ló le jù láti pàdánù. Ẹni tó bá lè gbé ẹrù tó wúwo, kí ló fẹ́ fi èyí tó fúyẹ́ ṣe? Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání. Ohun tó kàn bà á jẹ́ ni pé gbogbo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ti máa retí òsì kí wọ́n tó de bẹ́líìtì. Ìgbà tí Àbíkẹ́yìn lọ kọ́ iṣẹ́ ìdánwò níbòmíràn ni àṣà náà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì làágùn kó tó kúrò. Ta ni yóò wá sọ fún Ọ̀gá pé kó kọ́ ọwọ́ ara rẹ̀?

Nítorí náà, bí wọ́n ti ń rìn lọ sídìí bàálù, ó ti pinnu: òsì ni òun náà yóò fà. Olùdánwò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa fa èyí tí ẹni tí wọ́n ń dán wò kò retí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìfẹ́ ló bò ó lójú, ẹ má wulẹ̀ bá mi wá orúkọ mìíràn fún un.

Ọ̀gá jókòó sápá òsì, Àbíkẹ́yìn sápá ọ̀tún. Àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀. Gbogbo àga ẹ̀yìn ṣófo.

"Ojú tó o fi ń wò mí yìí, ṣé màá gbé bàálù sá lọ ni?"

"Rárá o, sà. Ẹ máa báṣẹ́ yín lọ."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì."

Ó wà á lọ, ó wà á bọ̀, kò sí ibi tí Àbíkẹ́yìn fẹ́ tọ́ka sí pé ó kù díẹ̀ káàtó. Ojú ọ̀run mọ́. Nígbà tí wọ́n yí padà tí wọ́n kọjú sí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, Ọ̀gá sọ táyà kalẹ̀, ó ń fi ẹnu kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Inú Àbíkẹ́yìn dùn débi pé ó ti ń ro ohun tí yóò sọ fún ìyá tó wà lórí bẹ́ńṣì. Ó gbé páálí tó fi ń bo irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹni tí wọ́n ń dán wò má baà rí èyí tí olùdánwò fà. Páálí ò tíì débẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ọ̀tún fi wúkọ́, ó sì kú.

Imú bàálù yà sọ́tùn-ún. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, ẹsẹ̀ òsì Ọ̀gá ti tẹ pẹ́dà, bàálù sì padà sójú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò dúró gbọ́ ohun tí ẹsẹ̀ ń wí. Ó ti fojú ẹ̀gbẹ́ rí páálí, ó rò pé ìdánwò ti dé, ó sì mọ ọmọ tó jókòó ti òun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Òsì ti lọ," ló wí, ó sì fa irin òsì, irin ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo tó kù fún wọn, wá sẹ́yìn pátápátá.

Gbogbo inú bàálù dákẹ́ rọ́rọ́. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá bá wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu Àbíkẹ́yìn. Ẹ ò rí ayé! Ikú ń bọ̀, ẹ̀kọ́ ilé ń kí i káàbọ̀. Ọ̀gá ti ń nawọ́ sí irin mìíràn, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì tán pátápátá. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọn ò sọ ohun tí ọmọ tuntun yóò ṣe bó bá jẹ́ orí àgbà ló wọ́. Àbíkẹ́yìn gbá a lọ́wọ́. Ó gbá a bí ìyá ṣe ń gbá ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ ki ìka bọ iná.

"Fi sílẹ̀! Ó ti wà lọ́wọ́ mi!"

Ọ̀gá ká ọwọ́ méjèèjì lé itan. "Ó ti wà lọ́wọ́ yín," ló dáhùn, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ṣe là á kalẹ̀. Kò bá a jiyàn, kò sì béèrè ìdí. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ìjà àtibéèrè ìdí ti pa.

Àbíkẹ́yìn ti irin òsì síwájú. Ẹ́ńjìnnì náà lọ́ra díẹ̀ kó tó dáhùn. Àbíkẹ́yìn fi gbogbo agbára tẹ pẹ́dà òsì. Ẹni tó ń darí bàálù láti ilé ìṣọ́ bi wọ́n lórí rédíò bóyá wọ́n fẹ́ gòkè padà. Ara ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ojú tó rí ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn báyìí kò ní nǹkan mìíràn tó ń wá ju òkè lọ. Ṣùgbọ́n táyà ti wà nílẹ̀, eré ti dín kù, ẹ́ńjìnnì kan ò sì lè gbé wọn lọ sókè mọ́. Ẹni tó bá fi tipátipá gbé imú sókè níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni yóò fi ṣubú.

"Rárá. À ń balẹ̀."

Ó jẹ́ kí imú máa wo ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo iṣan ọwọ́ rẹ̀ ló ń ní kó fà á. Wọ́n kọjá lórí wáyà ọgbà, ó kù díẹ̀ kí táyà gbé e dání. Bó ṣe ń dín agbára òsì kù ló ń dẹ ẹsẹ̀. Táyà gbá ilẹ̀, ó ta sókè, ó tún gbá a, wọ́n sì sáré lọ títí bíréèkì fi mú wọn dúró sétí koríko.

Àbíkẹ́yìn fa irin òsì sẹ́yìn, ó pa ẹ́ńjìnnì náà.

"Èwo ló kú?" ni Ọ̀gá bi í.

"Ọ̀tún, sà."

"Ìwọ kọ́ lo fà á?"

"Mi ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, sà. Ó kú fúnra rẹ̀."

Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó wo irin òsì. Ó ti yé e. "Èwo lo fẹ́ fà tẹ́lẹ̀?"

Irọ́ wà ńlẹ̀ tó ṣeé pa, kò sì sí ẹlẹ́rìí. "Òsì, sà. Torí òun lẹ mọ̀."

"Ǹ bá sì yege."

"Ẹ̀ bá yege, sà."

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èrò ì bá kún ẹ̀yìn mi. Ìwọ ò sì ní sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń ṣírò ọ̀nà. Àbíkẹ́yìn bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ìbẹ̀rù. Ó rí i pé òun ló fẹ́ fi ọwọ́ ara òun pa àwọn èrò yẹn, kí inú bàbá kan ṣáà lè dùn.

Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí kọ́ltà lábẹ́ ìyẹ́ bàálù, níwájú àwọn mẹkáníìkì tó ń sáré bọ̀.

"Ẹ má bínú pé mo gbá yín lọ́wọ́, sà."

"Ìyẹn kọ́ ni mo ń retí. Sọ èyí tó kù."

Ó gbé ojú sókè. "Ẹ ò yege, sà. Ẹ ò ní kó èrò mọ́."

Orí ìkúnlẹ̀ ló ti sọ ọ́, nítorí kò mọ bí ọmọ ṣe ń dúró sọ irú rẹ̀ fún bàbá. Ọ̀gá fi eyín mú ètè. Lẹ́yìn náà ló gbá apá Àbíkẹ́yìn mú, ó gbé e dìde.

"Kọ́ltà gbóná. Má jẹ́ kó bó ẹ lórúnkún."

Ìyàwó rẹ̀ ti dìde lórí bẹ́ńṣì kí wọ́n tó débẹ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó yíjú sí Àbíkẹ́yìn.

"Mo bẹ̀ ẹ́," ló wí. "Àbí mi ò bẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀gá ló na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti gbá a ṣì pọ́n.

"Ọwọ́ yìí ló fẹ́ sọ ẹ́ di opó láàárọ̀ yìí," ló wí. "Ọmọ yìí ló gbá a dànù. Kí i fún mi, torí mi ò mọ bí mo ṣe lè kí i."

Ìyá náà wo ọwọ́ ọ̀hún. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi méjèèjì tirẹ̀ bò ó, kò sì jù ú sílẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí mọ́tò.