Fúláàtì Tí Kì Í Dìbò

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Kuwabara Chizuru fi se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ iléèwé. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ló bá fi àáké kọ́rí pé òun máa ra fúláàtì kan tí owó ilé rẹ̀ yóò máa bọ́ òun lọ́jọ́ ogbó. Tó bá ṣì í rà, ó parí nìyẹn. Àwọn ilé Tókíò kò ṣeé fẹnu bà, nítorí náà ló ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hanno, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Tókíò, níbi tí ilé alájà márùn-ún kan ti wà láti bí àádọ́ta ọdún.

Nishimori tó ń bá wọn ta ilé fi fúláàtì 302 hàn án. Ó mọ́, oòrùn ń wọlé dáadáa.

"Màmá, ẹ tọwọ́ bọ̀wé. Èèyàn méjì ló wà lẹ́yìn yín."

"Kí wọ́n ṣì wà níbẹ̀ ná. Ẹ fún mi ní àkọsílẹ̀ ìpàdé àwọn onílé, ti ọdún mẹ́wàá."

"Kò sẹ́ni tó ń ka ìyẹn o."

"Èmi máa kà á."

Ojú fèrèsé àti ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò kí wọ́n tó sanwó. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni. Chizuru fi ọjọ́ mẹ́ta ka ìwé náà. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń dìbò láti pààrọ̀ páìpù omi, lọ́dọọdún ló sì ń ku ìbò kan ṣoṣo kó pé.

Ní òwúrọ̀ Sunday tí ìwé náà ní gbogbo onílé ń jáde ro koríko, òun náà mú dòjé, ó dé ibẹ̀. Bàbá Tokunaga, alága wọn, tẹjú mọ́ ọn.

"Fúláàtì wo lẹ wà?"

"Mi ò tíì ní. 302 ni mo fẹ́ rà."

Bàbá pòṣé. "Ọmọ tó jogún ẹ̀ wà ní Ọ̀sákà. Mo kọ lẹ́tà sí i títí, ó kọ etí ikún. Ìbò tiẹ̀ nìkan ló ń dá wa dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń rà á fi pawó, ta ló ń rí yín?"

"Ẹ̀yin lẹ ń rí mi yìí, Bàbá. Mo ti ń ro koríko."

"Ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ tán. Fúláàtì sí fúláàtì ni ipò alága ń yí kiri. Ó ti kan 302 lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Èmi arúgbó ni mo ń bá a ṣe é. Ẹni tó bá rà á, tiẹ̀ ni."

Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́. Owó ilé ọdún méjì gbáko ni ìpín tirẹ̀ nínú owó páìpù yóò gbé mì, ipò alága tún wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá sá lọ ra ilé mìíràn, kò ní mọ àìsàn tó ń ṣe é. Ó mọ ti ibí yìí, ọwọ́ ara rẹ̀ sì ni oògùn wà. Lọ́jọ́ kejì, ó tọwọ́ bọ̀wé.

Ní ìpàdé oṣù karùn-ún, Chizuru ló jókòó sí ipò alága, Bàbá Tokunaga dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ka ọwọ́ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ páìpù. Mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń wá. Mẹ́tàlélógún ló nà sókè. Chizuru rántí owó ilé ọdún méjì náà, ó sì na tirẹ̀.

Bàbá kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.

"Alága," ó ní, "ó ti rẹ̀ mí. Ṣé mo lè jókòó báyìí?"

Chizuru dìde, ó fa àga tirẹ̀ fún un.