Òwú Tí Kò Ní Kókó

Bí Haesuk ti gbé pẹpẹ ẹja sókè báyìí ni síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tú láti ìbàdí dé orúnkún. Àwọn obìnrin tó ń sá ẹja ní èbúté Tongyeong bú sẹ́rìn-ín.

"Aṣọ tuntun ti ní òun ò ṣiṣẹ́ mọ́," ni Jeomrye, àgbà wọn, wí. Ó wá píìnì, ó bẹ̀rẹ̀ láti bá a há a.

Haesuk ò bínú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá ìbínú. Aṣọ àkọ́kọ́ tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ rán nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ló ń rán an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tóun náà ń rán aṣọ ọ̀gbọ̀ kan. Ká sòótọ́, kì í ṣe aṣọ ló ń lé. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ò ti jẹun kánú mọ́ ni àyà rẹ̀ ti ń já, pé lọ́jọ́ kan òun á wọlé, kò ní sí ẹni tó máa dá òun lóhùn. Rírán aṣọ ló jẹ́ kó ráyè jókòó tì í.

Jeomrye yẹ ojú rírán náà wò. "Òwú yìí ò ní kókó níbì kankan. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Màmá mi ni. Ọwọ́ wọn ni mò ń wò."

"Kí ni wọ́n ń rán?"

"Aṣọ ọ̀gbọ̀. Wọ́n ní ti ìgbà ooru ni."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Jeomrye. "Àbúrò mi, oṣù àlékún, oṣù kẹtàlá tó máa ń wọ inú ọdún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, la wà yìí. Inú ẹ̀ làwọn àgbà ń rán èyí tí wọ́n máa wọ̀ lọ. Wọn kì í ta kókó sí i, kí nǹkan kan má baà so òkú mọ́lẹ̀."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Tòun ti píìnì ní ìbàdí ni Haesuk fi wọ́ ẹsẹ̀ délé.

Ìyá rẹ̀ wò ó láti ojú fèrèsé. "Ó tú, àbí?"

"Ó tú. Ẹ ò sọ fún mi, Màmá."

"Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ tó o bá dé. Mi ò fẹ́ dá kún un."

Haesuk jókòó. Ó fa apá aṣọ ọ̀gbọ̀ náà kan mọ́ra, ó sì rán an dé ìparí. Níbẹ̀ ló ti ta kókó kékeré kan, ó fún un pinpin.

Ìyá rẹ̀ fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán náà títí ó fi bá a.

"Haesuk, tú u."

"Ó ti rẹ̀ mí, Màmá. Ẹ jẹ́ ó dọ̀la."

Ìyá rẹ̀ ká aṣọ náà tòun ti kókó inú rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ó dáa. Ọ̀la náà ni."

Haesuk mọ̀ pé bó bá dọ̀la, yóò tún rẹ òun. Ìyá rẹ̀ náà sì mọ̀.