Kò Sí Nǹkan Nínú Rẹ̀

"Mọ́mì, ẹ gbọ́wọ́ lé e, ẹ súre sí i."

Bọ̀wálé ti tẹrí ba. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìbọn ìléwọ́ náà síwájú ìyá rẹ̀, bí ẹni gbé àwo oúnjẹ fún àgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ wá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé kọ́kọ́rọ́ ilé wọn ní ìlú Katy, l'Amẹ́ríkà, wá lọ́jọ́ tí wọ́n kó débẹ̀. Kò sí ohun tuntun tó wọ ọwọ́ Bọ̀wálé rí tí Màmá Sìkírátù kò súre sí. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ò lẹ́nu. Ìbọn lẹ́nu, ikùn Màmá gan-an ni ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí, ìka Bọ̀wálé kan sì ti kọ́ sínú ihò ibi tí wọ́n ti ń fà á.

"Ẹ dúró!"

Ọkùnrin tó ń tajà lẹ́yìn káńtà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò pariwo púpọ̀, àmọ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù náà dákẹ́. Ọkùnrin onífìlà kan tó ń wọn bàtà ọdẹ wò fi ẹsẹ̀ kan dúró.

"Ẹ yọ ìka yín kúrò níbẹ̀, sà. Ẹ rọra yí ẹnu rẹ̀ kúrò lára màámù. Ẹ gbé e sórí káńtà, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri."

Bọ̀wálé gbé e kalẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti yí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ẹnjiníà tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀gá níbi iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n wá bá a wí bí ọmọdé, níwájú ìyá rẹ̀!

"Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà," ló wí. "Òyìnbó yìí kàn ń ṣe àṣejù ni. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀."

Màmá Sìkírátù fi ọwọ́ di etí káńtà mú.

Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ohùn ọmọ rẹ̀ kọ́ ló gbọ́. Ohùn bàbá tirẹ̀ ni, láti ọdún méjìlélọ́gọ́ta sẹ́yìn, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìwó, ohùn tí tábà ti há. Lẹ́yìn ohùn náà ni orin dé, bó ṣe máa ń dé:

Ta ni yóò gba ìbọn lọ́wọ́ Bàbá?
Èmi ẹ̀gbọ́n ni, èmi ẹ̀gbọ́n ni.
Ta ni yóò gba ẹran lọ́wọ́ Bàbá?

Ibẹ̀ ni orin náà máa ń dúró sí.

Ká sọ tòótọ́, ara Màmá yá gágá nígbà tí wọ́n wọlé láàárọ̀ yẹn. Sátidé ni, oòrùn Houston ti mú, inú ṣọ́ọ̀bù náà ní Stafford sì tutù bí etí odò. Ó kí gbogbo ẹni tó rí. Ó kí orí àgbọ̀nrín tí wọ́n kàn mọ́ ògiri pàápàá, ó ní ojú tí eléyìí fi ń wo èèyàn, ojú àna tí wọn ò fún lẹ́ran ni. Bọ̀wálé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín láti Ọjọ́rú nìyẹn.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀sán gangan, àwọn olè fọ́ ìlẹ̀kùn gíláàsì ẹ̀yìn ilé wọn. Wọ́n gbé tẹlifíṣàn, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà Wùmí, ìyàwó Bọ̀wálé. Gbogbo àsìkò yẹn, Màmá wà ní bálùwẹ̀, ó ń da omi sára, ó ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì sókè, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó jáde tó rí ògiri lásán níbi tí tẹlifíṣàn wà, ó rò pé wọ́n ti gbé e lọ tún ṣe ni. "Orin mi ló lé wọn," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè é lórí fóònù. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Bọ̀wálé. Òun ń yí ilé po, ó ń fọwọ́ kan ìlẹ̀kùn kan lẹ́yìn èkejì.

Nígbà tó ní òun ń lọ ra ìbọn, Màmá kò sọ pé ó dáa, kò sọ pé kò dáa. Ó kàn lọ wọ bàtà rẹ̀, ó ní òun ń bá a lọ.

"Màámù, ṣé kò sí o?" Ọkùnrin ọlọ́jà náà ti yọ sí wọn láti ẹ̀yìn káńtà, ó gbé àga kan dání. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, orúkọ rẹ̀ wà láyà ẹ̀wù rẹ̀: Justin. Ó fi Màmá jókòó, ó bu omi tútù fún un. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Bọ̀wálé.

"Mi ò bá yín jà, sà. Kí n tó gbé e fún yín, mo ṣí i, mo wo inú rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin náà wò ó?"

"Mo rí yín tí ẹ wò ó."

"Ojú tèmi nìyẹn. Tiyín ńkọ́?"

Bọ̀wálé yí ojú sí ìbọn tó wà lórí káńtà.

"Nígbà tí ẹ gbà á, ẹ pa á dé. Láti ìgbà tí ẹ ti pa á dé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́, títí kan èmi. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ìbọn tó ṣí sílẹ̀ tí ẹ fi ojú yín wò nìkan ló ṣófo. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì, ẹ bi mí ná. Ẹ ṣí i, ẹ gbé e kalẹ̀, kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ mú un. A kì í na ìbọn sí èèyàn, bó ti wù kó jẹ́ ìyá ẹni."

"Ìyá mi ń súre sí i ni," Bọ̀wálé wí. "Àṣà wa ni."

"Àṣà yín dára. Ẹnu ìbọn ò mọ àṣà."

Bọ̀wálé yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ dìde, Mọ́mì. Ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà ní apá Fondren. Owó mi kọ́ ni wọ́n máa fi bú mi."

"Jókòó."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Bọ̀wálé. Mo ní kó o jókòó."

Kò sí àga kejì. Ẹnjiníà lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ìyá rẹ̀, lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú aago ọwọ́ olówó ńlá. Justin rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ni, ó padà sẹ́yìn káńtà, ó ń nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Màmá wo ọmọ rẹ̀ níbi tó lóṣòó sí. Ó wò ó títí.

"Kí ló pa Bíyìí, àbúrò mi?"

"Ibà ni." Ọ̀rọ̀ náà ya Bọ̀wálé lẹ́nu. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Irọ́ ni mo pa."

Ó mu omi díẹ̀.

"Bàbá mi ti oko ọdẹ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gbé ṣakabùlà rẹ̀ ti ògiri. Ó jókòó, Bíyìí lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, bí o ṣe lóṣòó yìí gan-an. À ń kọrin. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ohùn rẹ̀ dùn ju tèmi lọ fíìfíì. Bàbá wá ní, 'Sìkírá, gbé ìbọn yẹn wá, kí n nù ún.' Mo ní ẹ̀rù ń bà mí. Ó ní, 'Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.'"

Bọ̀wálé gbójú sókè wò ó.

"Wọ́n ti kọ́ mi. Ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé nǹkan fún àgbà, orí ìkúnlẹ̀ la sì ti ń gbé e. Kò sí ọmọ tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tèmi ní gbogbo agbo ilé wa. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lẹ́. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ tó máa ń gbá ẹ̀tù kọ́ mọ́ kókó ìró mi, mi ò mọ̀. Bàbá nawọ́, ó fà á. Orin ṣì wà lẹ́nu wa. Bíyìí ló kàn láti gba orin náà."

Kò parí rẹ̀. Ó gbé ife omi náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá mi ò nà mí. Kò bá mi wí. Kò kàn wo ojú mi mọ́ ni. Kíláàsì kẹta ni mo wà, wọ́n yọ mí nílé ìwé, wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, kó má baà máa rí mi. Gbogbo ayé ní àṣìṣe Bàbá ni. Àmọ́ ọwọ́ ta ló gbé e wá, Bọ̀wálé? Ọwọ́ ta?"

"Mọ́mì, ọmọdé ni yín."

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún mélòó ni Tófúnmi?"

Tófúnmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bọ̀wálé bí. Ọdún mẹ́sàn-án ló pé lóṣù tó kọjá.

"Ta ló kọ́ Tófúnmi láti máa kúnlẹ̀, láti máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan fún àgbà?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi ni! Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fi gbé omi fún ẹ bẹ́ẹ̀, inú mi dùn, mo jó yí kíṣìnì ká. Tí o bá gbé nǹkan yìí délé, tí o gbàgbé ẹ̀ sórí tábìlì lọ́jọ́ kan, tí o ní, 'Tófúnmi, gbé e wá fún Dádì, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.' Báwo ni ọmọ tí mo kọ́ dáadáa yẹn ṣe máa gbé e?"

Bọ̀wálé wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Ó tẹ́ wọn sórí itan, bí ẹni pé wọ́n ti dọ̀tí.

"Mọ́mì," ó wí níkẹyìn, "mi ò lè máa gbé ilé yẹn báyìí. Ẹ wà ní bálùwẹ̀. Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn bá yín? Ẹ̀ ń fi ṣàwàdà, ṣùgbọ́n tí n bá ti dijú báyìí, orin yín ni mo ń gbọ́, mo tún ń gbọ́ gíláàsì tó ń fọ́."

Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé orin òun ń dé bá ọmọ òun, bí orin òun àti Bíyìí ṣe ń dé bá òun.

"Mi ò ní kó o má rà á," ó wí. "Fà mí dìde."

Ó lọ síbi káńtà. Gẹ̀ẹ́sì tí Màmá gbọ́ ò ju ti ọjà àti ti dókítà lọ, àmọ́ ó tó o lò. "Ọ̀gbẹ́ni Justin. Fi hàn mí. Èmi."

Justin wo Bọ̀wálé. Bọ̀wálé mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó mú ìbọn náà, ẹnu rẹ̀ kọ sí ògiri. Ó yọ ilé ọta tó wà nínú ìdí rẹ̀, ó gbé e sọ́tọ̀. Ó fa orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó há a mọ́bẹ̀, inú rẹ̀ sì là sílẹ̀. Ó wo inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ ẹ sórí aṣọ dúdú tó wà lórí káńtà, ó kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ kí Màmá lè ríran.

"Ẹ fi ojú wò ó, màámù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka yín tó kéré jù kan ibẹ̀, torí ojú máa ń tan èèyàn."

Màmá Sìkírátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ihò kékeré kan ni. Ó fi ìka rẹ̀ tó ti wọ́ sínú rẹ̀, ó kan irin, irin tútù, lẹ́yìn irin, òfìfo. Ó fi ìka náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré ni àyẹ̀wò náà gbà. Kò sẹ́ni tó fún òun àti Bíyìí ní iye yẹn.

"Kò sí nǹkan nínú rẹ̀," ó wí.

Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́, nítorí láti ọjọ́ tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa jẹ́ òótọ́.

Bọ̀wálé ti wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òun náà wò ó. Òun náà fi ìka kàn án.

"Ṣé ẹ ó wá súre sí i báyìí, mà?"

Màmá ò fọwọ́ kan ìbọn. Ọwọ́ ọ̀tún ọmọ rẹ̀ ló gbà mú, ó yọ ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sọ́tọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ìka yìí," ó wí, "o ò ní yá ju ojú lọ. Níbi tí ojú kò bá tíì dé, o ò ní dé ibẹ̀."

"Àmín, mà."

Justin náà ti ṣí fìlà orí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Sà," ó wí nígbà tí wọ́n ṣe tán, "kíláàsì kan wà fún àwọn tí kò tíì lo ìbọn rí. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ìbọn ò ní sá lọ. Ẹ lè kọ́kọ́ kọ́ ọ, kí ẹ tó wá rà á."

Bọ̀wálé wo ìbọn náà lórí aṣọ dúdú. Ó wo ìyá rẹ̀. "Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀," ó wí. "Ẹ tún fi àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ hàn mí, lọ́jọ́ tí mo bá padà wá."

"Kí ó kọ tèmi náà," Màmá wí.

"Kíláàsì? Mọ́mì, ẹ̀yin?"

"Ṣé wọ́n ní àgbà kò gbọ́dọ̀ wá ni? Kíláàsì kẹta ni wọ́n ti yọ mí. Ó yẹ kí n parí ọ̀kan kí n tó kú."

Justin ní kí Bọ̀wálé pe orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Màmá gba bírò lọ́wọ́ Justin, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba, ó sì fa ìlà sí ìdí rẹ̀.

Wọ́n ti wà lórí fíríìwéè, títì ńlá ìlú náà, wọ́n ti ń sún mọ́ Katy, kí Màmá tó tún sọ̀rọ̀. "Tí a bá délé, màá pe Tófúnmi jókòó. Màá sọ fún un pé ohun kan wà tí a kì í kúnlẹ̀ gbé fún àgbà. Màá sì sọ orúkọ Bíyìí fún un."

"Ẹ ṣé, mà."

Màmá wo ojú ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, jẹ́jẹ́, orin tó fi pọn Bọ̀wálé, tó tún fi pọn Tófúnmi. Ta ni yóò gba ìbọn lọ́wọ́ Bàbá? Èmi ẹ̀gbọ́n ni, èmi ẹ̀gbọ́n ni. Ta ni yóò gba ẹran lọ́wọ́ Bàbá?

Ó dákẹ́ níbẹ̀, bó ṣe máa ń dákẹ́. Láti kékeré ni Bọ̀wálé ti rò pé ibi tí ìyá òun ti ń mí ni. Ó pa rédíò tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Kò gba orin náà. Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó dúró de Bíyìí, ẹni tó ni ibẹ̀, kó kọjá.