Ta Ló Ń Fẹ́ Abẹ̀bẹ̀ ní Àjà Òkè?

Ẹ gbọ́ ná, ilé tó rẹwà tí kò ṣeé jókòó sí, kí ni wọ́n ń fi í ṣe? Ilé ọ́fíìsì tí mò ń wí yìí, kò sẹ́ni tó kọjá tí kì í wò ó. Àárín rẹ̀ ṣófo láti ilẹ̀ títí dé òrùlé, gíláàsì ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, àwọn yàrá iṣẹ́ sì yí i ká. Obìnrin ayàwòrán-ilé tó ya á gba àmì-ẹ̀yẹ lórí rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn nígbà tí àbúrò rẹ̀ ríṣẹ́ níbẹ̀, ní àjà òkè pátápátá.

Ṣùgbọ́n ooru ò mọ̀ ju kó máa gòkè lọ. Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ ṣe ń wọ kóòtù, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń yan àwọn ará òkè bí àgbàdo. Ibẹ̀ ni akọ̀wé àgbà kan ti ṣubú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí kò dìde mọ́. Ìyá Abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí abẹ̀bẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní abẹ̀bẹ̀ ní í bẹ ikú. Ti màmá yẹn, ikú ò gbẹ̀bẹ̀. Àga rẹ̀ ni wọ́n fún àbúrò ayàwòrán.

Láti ìgbà náà ni ara ọmọ náà ti ń tutù. Ọwọ́ rẹ̀ dà bí ẹja inú yìnyín, ètè rẹ̀ ń dúdú. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí nǹkan kan. Ó kàn sọ pé bó bá ń bá a lọ báyìí, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n ò lè sùn mọ́. Ó wá síbi iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Òógùn ti bò ó kó tó gòkè tán. Gbogbo èèyàn ń fi pépà fẹ́ra. Àbúrò rẹ̀ nìkan ló wọ súwẹ́tà.

"Dìde, a ń lọ sílé."

"Ibí nìkan ló tura, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí mi."

"Màmá wo?"

"Màmá tó ni àga. Wọ́n ní ooru tó pa àwọn ò ní pa mí."

Ayàwòrán na ọwọ́ sẹ́yìn àga. Yéè! Atẹ́gùn tútù ń lọ, ó ń bọ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà kan ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ tí apá sì ti ń ro ó. Kò sí fèrèsé níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ. Orí rẹ̀ wú.

Ó gbójú sókè. Àwọn fèrèsé òrùlé tó yà kí ooru lè máa bá ibẹ̀ jáde wà ní títì, aláǹtakùn ti ta òwú sí wọn lára. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ooru ló yẹ kó máa ṣí wọn. Níbo ni ẹ̀rọ ọ̀hún wà? Àyà rẹ̀ já. Ìsàlẹ̀ ni, lẹ́nu ọ̀nà, níbi tó tutù jù! Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e lọ síbẹ̀, torí ó ń ba ẹwà ògiri òkè jẹ́. Àwọn èèyàn ń jóná lókè, ẹ̀rọ ń rò pé ara tu gbogbo ilé.

"Háà! Èmi ni mo pa màmá yẹn," ló sọ jáde lẹ́nu. Abẹ̀bẹ̀ dúró.

Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó pe oníṣẹ́ iná, wọ́n tú ẹ̀rọ náà, wọ́n fa wáyà gòkè, wọ́n kàn án mọ́ ògiri lẹ́yìn àga yẹn gan-an. Kò pẹ́, fèrèsé òrùlé ń ṣí níkọ̀ọ̀kan. Ooru tú jáde, gbogbo ilé mí kanlẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Òógùn yọ níwájú orí àbúrò rẹ̀, ó bọ́ súwẹ́tà, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbóná. Ẹ̀gbọ́n gba súwẹ́tà náà, ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó bú sẹ́kún ayọ̀.

"Ṣé màmá yẹn ti lọ?"

Ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àbúrò ń wò.

Ayàwòrán jáde sínú oòrùn, ó wọ mọ́tò rẹ̀ tó gbóná bí ààrò, ó tilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti kàn án lọ́rùn: atẹ́gùn tútù, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Abẹ̀bẹ̀ ò dúró. Nígbà tí eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn, ó fa súwẹ́tà àbúrò rẹ̀ mọ́ra, ó wọ̀ ọ́.