Ta Ni "Wọ́n"?

Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu Àṣàkẹ́. Bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn ni: okùn á gùn, kó tó kan garawa. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ ti máa ń já gaara ni àárín ẹsẹ̀ Fáòsíátù onídìrí, nítorí ẹni tó ń dirun fún ni kì í rí ojú ẹni.

Ọdún tí owó Údójì gba ìgboro ni, tí katakata ń hú ilẹ̀ títì Àgbádárìgì, tí ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ń ṣàn wọ inú Ìbà. Bí Fáòsíátù ṣe ń di ṣùkú fún Àṣàkẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ náà ń ròyìn àròkọ tí Tíṣà Abọ́dúnrìn ní kí àwọn kọ nílé ìwé l'Ókókómáíkò.

"Àrùn kan wọ ìlú òyìnbó láyé àtijọ́, Àǹtí. Èèyàn ń kú bí adìyẹ. Ni wọ́n bá ní àwọn Júù ló bu májèlé sí kànga."

Òòyà wà lẹ́nu Fáòsíátù. "Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn àlejò tó ń gbé láàárín wọn ni. Èdè wọn yàtọ̀, ìsìn wọn yàtọ̀. Wọ́n ní àrùn yẹn ò sì mú wọn tó bó ṣe mú àwọn tó kù."

"Hùn-ùn. Tẹ orí ẹ sílẹ̀ jàre. Orí ẹ le bí àgbọn Ẹ̀gùn."

Nígbà tí Tíṣà dá ìwé padà, báírò pupa ti yí gbogbo "wọ́n ní" inú àròkọ Àṣàkẹ́ ká. Ohun tó kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni: Ta ni "wọ́n"?

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Tíṣà Abọ́dúnrìn, kì í gbóhùn sókè. Ó ní, "Ẹni tó fẹ́ finá sí ilé aládùúgbò rẹ̀ kì í sọ pé 'mo ní'. 'Wọ́n ní' ni yóò sọ. Kò sẹ́ni tó rí Júù kankan tó bu nǹkan sí kànga. Síbẹ̀, wọ́n dáná sun wọ́n tọmọdé tàgbà, láti ìlú dé ìlú."

Wọlé, aláwàdà kíláàsì, nawọ́. "Sà, ẹ̀yin náà ti sọ 'wọ́n' o! Ta ló sun wọ́n?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn aládùúgbò wọn ni. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún wọn. Ẹni tó ń bá wọn rán aṣọ. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kú, ẹ̀yin ọmọ. Ẹnu bàbá ló ti ń bọ́ sẹ́nu ọmọ, títí ó fi dé ayé ogun Hítílà tí àwọn òbí yín gbọ́ ìró rẹ̀. Júù mílíọ̀nù mẹ́fà ni ìjọba Hítílà àti àwọn tó ràn án lọ́wọ́ pa. Ẹ lọ tún un kọ. Ibi tí 'wọ́n' bá wà, ẹ fi èèyàn síbẹ̀."

Àṣàkẹ́ kò tíì tún tirẹ̀ kọ tí onígbáméjì fi wọ Ìbà. Rájí, ọmọ Bùràímọ̀ kápẹ́ńtà, ló kọ́kọ́ bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ilé ń gbé e fún ilé. Àwọn obìnrin tó máa ń pariwo nídìí kànga bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi láì kí ara wọn.

Àyìnkẹ́, ìyá àgbà tó ń tọ́ Àṣàkẹ́, pè é lọ́jọ́ kan. "Má yà lọ́dọ̀ Ìyá Sẹ̀námì mọ́ o."

Ìyá Sẹ̀námì ni obìnrin Ẹ̀gùn tó ń ṣe òróró àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Kò sí bí Àṣàkẹ́ ṣe máa kọjá tí kò ní fún un ní èérún àgbọn jẹ.

"Kí ló ṣe, Ìyá?"

"Wọ́n ní òun ló bu nǹkan sí kànga. Ṣé o ò rí i pé àrùn ò mú ọmọ ẹ̀ kankan? Àlejò ni. Èdè ẹ̀ yàtọ̀."

Ọ̀rọ̀ àròkọ Àṣàkẹ́ ni ìyá àgbà ń sọ yìí, àfi bí ẹni pé ó kà á. Àṣàkẹ́ mọ̀ pé omi tí Ìyá Sẹ̀námì bá ti sè ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu, nítorí iná ibẹ̀ kì í kú.

"Ìyá, ta ni wọ́n?"

"Èwo ni ta ni wọ́n? Wọ́n ni wọ́n ń jẹ́!"

"Ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ?"

"Ẹnu Fáòsíátù. Kí ló dé?"

Àṣàkẹ́ wọ inú ilé, ó mú àròkọ rẹ̀, ó sì gba ilé Fáòsíátù lọ.

"Àǹtí, ta ló sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Sẹ̀námì fún yín?"

Fáòsíátù wò ó tìyanu-tìyanu. "Ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni? Ṣebí ìwọ ni! Àárín ẹsẹ̀ mi níbí lo jókòó sí."

"Ìlú òyìnbó ni mo wí, Àǹtí! Júù ni mo pè é!"

"O ní àlejò. O ní èdè wọn yàtọ̀. Àlejò wo ló tún wà nídìí kànga wa?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ òótọ́ fún àwọn ará àdúgbò."

"Èmi kẹ̀? Wọ́n ti kóra jọ sídìí kànga látìgbà tí wọ́n ti kírun Alásàrí. Bùràímọ̀ ti gbé gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì dání."

Àṣàkẹ́ nìkan ló sáré dé ìdí kànga. Àwọn ọkùnrin ti yí ahéré oparun obìnrin Ẹ̀gùn náà ká. Ìyá Sẹ̀námì dúró sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Bàbá Rájí," ni ó ń wí, "èmi ni mo wẹ ọmọ yẹn lọ́jọ́ tí ìyá ẹ̀ bí i."

Bùràímọ̀ ń ṣí ìdérí gálọ́ọ̀nù.

Àṣàkẹ́ wọ àárín wọn. Kò sẹ́ni tó ń wo ojú rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lè jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi ni 'wọ́n'!"

Gbogbo wọn yíjú.

"Kí lọmọ yìí ń wí?"

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ní wọ́n ní. Èmi ni wọ́n náà. Iṣẹ́ ilé ìwé ni, èmi ni mo sọ ọ́ fún Àǹtí Fáòsíátù. Kì í ṣe kànga yìí. Àwọn tí aládùúgbò wọn dáná sun nínú ìtàn yẹn, wọn ò ṣe nǹkan kan."

Bùràímọ̀ gba ìwé náà. Kò mọ̀ ọ́n kà, ó kàn ń wo àwọn àmì róbótó pupa inú rẹ̀. "Kí ni gbogbo pupa yìí?"

"Tíṣà ló ń béèrè pé ta ni wọ́n."

Ọkùnrin kan wúkọ́. Òmíràn kọjú sí ẹnìkejì rẹ̀: "Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi."

"Èmi kẹ̀? Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́!"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ojú ẹnì kan kò fẹ́ pàdé tẹnì kejì. Bùràímọ̀ ló kẹ́yìn. Ó gbé gálọ́ọ̀nù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó sì fi í síbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyá Sẹ̀námì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ààrò rẹ̀ ṣì ń rú èéfín. Ṣùgbọ́n onígbáméjì kò bá wọn lọ: ilé mìíràn tún ń sunkún.

Àṣàkẹ́ gbé garawa lọ pọnmi. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí i. Ó gbọ́ ohùn kan tó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́:

"Wọ́n ní ohun tí ọmọ Àyìnkẹ́ yẹn bá ti kọ sínú ìwé ló máa ń ṣẹ."

Ó sọ garawa kalẹ̀. "Ta ni wọ́n?"

Okùn kànga nìkan ló ń dún. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kànga níbi tí Bùràímọ̀ gbé gálọ́ọ̀nù sí lánàá. Gálọ́ọ̀nù náà kò sí níbẹ̀ mọ́.